Àrokò Ọpẹ́ fún Àwọn Tó Ń Fi Ọjọ́ Ìsinmi Wọn Tọ́ Àwọn Ọ̀dọ́

Lẹ́tà mẹ́fà ni mo yà sọ́tọ̀ nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó kọ wọ́n gbà yọ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn tíṣà, awakọ̀, adáná àti àwọn mìíràn tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa sin àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ láìgba kọ́bọ̀, àti bí a ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́nà tí yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín, tí kò sì ní tàbùkù wọn. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìndínlógún, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mo sì fẹ́ fi ara balẹ̀ dáhùn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ nínú ìjọ wa. Àwọn mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́: tíṣà mẹ́rin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ìyá kan tó ń dáná fún wa nígbà ìpàgọ́, arákùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn, arábìnrin tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, àti bàbá kan tó ń ṣílẹ̀kùn, tó sì ń tilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá, a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní àwo ìgbóríyìn, àwọn àgbà ìjọ sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Mo wo ojú àwọn tí à ń yẹ́ sí, mo rí i pé ara wọn kò lélẹ̀. Lọ́dún yìí a fẹ́ ṣe ohun tó fúyẹ́, tó lẹ́rìn-ín nínú, owó tó wà lọ́wọ́ wa kò sì pọ̀. Kí ni ẹ rí sí i? — Akọ̀wé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ojú yín ríran dáadáa, nítorí pé ẹni tó ń wo ojú ẹni tí à ń yẹ́ sí ni yóò mọ̀ bóyá ọpẹ́ náà wọlé tàbí kò wọlé. Àwo ìgbóríyìn kò burú. Méjì wà lára ògiri ilé mi. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń kọ sára gbogbo rẹ̀, orúkọ nìkan ló máa ń yàtọ̀. “Fún iṣẹ́ takuntakun nínú ọgbà àjàrà Olúwa” ni wọ́n kọ fún ìyá tó dúró ti ìkòkò ìrẹsì láti aago mẹ́rin ìdájí, òun náà ni wọ́n sì kọ fún arákùnrin tó ń fi owó ara rẹ̀ ra wáyà nígbà tí èyí tí ìjọ ní bá já. Kò sí èyí tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni rí ìdájí yẹn tàbí wáyà yẹn. Ẹ̀rín ló máa ń tètè fi hàn pé a rí ènìyàn. Bí a bá sọ ohun tí ẹnì kan máa ń ṣe gan-an, tí gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa yé e pé ojú wọn ti wà lára iṣẹ́ òun láti ọjọ́ yìí wá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yá ọgbọ́n lò lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa, kí ẹ di àrokò ọpẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàárín wa, wọ́n máa ń fi nǹkan dípò ọ̀rọ̀, ìró orúkọ nǹkan náà ló sì máa ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ń sọ fún un pé ọkàn òun ń fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí ó bá sì jẹ́ mẹ́jọ ni ẹni yẹn fi dá a lóhùn, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Èdè bíi tiwa, tí ọ̀rọ̀ kan lè di òmíràn bí a bá kàn gbé ohùn sókè tàbí tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kò lè ṣàìní irú eré báyìí nínú, àwọn ẹ̀bùn tí kò wọ́n sì pọ̀ nínú rẹ̀ súà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí arábìnrin tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wọn ẹ̀wà funfun, èyí tó ní ojú dúdú, sínú àpò kékeré, ẹ fi rìbọ́ọ̀nù dì í lẹ́nu, kí ẹ sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: “Ẹ̀wà fún ẹni tó ń fi ẹwà kún ilé Ọlọ́run.” Kí wọ́n tó gbé e jáde, kí ọmọ kan bọ́ síwájú, kí ó pa àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Gbogbo ìjọ ni yóò dáhùn pé ẹ̀wà ni, ìgbà tí wọ́n bá sì ka ohun tí ẹ kọ sára àpò náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn ẹni tó ni ín.

Fún tíṣà tó máa ń jókòó ti àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìn títí oòrùn yóò fi yí, ẹ kó ọsàn sínú apẹ̀rẹ̀: “Ọsàn fún ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán rẹ̀ fún wa.” Èyí tó ti pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igbá fínfín ló tọ́ sí i: “Igbá fún ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́ ìgbà èwe wa.” Bí gbólóhùn yìí bá ṣe òótọ́ nípa ẹni náà, ẹ múra sílẹ̀ fún omijé, nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti kà á, tí ẹni tó gbà á kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá tó ń ṣílẹ̀kùn ni ẹ máa fún ní kókóró, ìpápánu tí a fi àgbàdo ṣe, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé: “Kókóró fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.” Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá eyín bàbá ṣì lè fọ́ ọ, bí kò bá lè fọ́ ọ, ẹ fún un ní àádùn, kí ẹ sì kọ ọ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ yín nínú. Iyọ̀ ni ti ìyá tó ń dáná, nítorí pé òun ló ń mú ọkàn àwọn ọmọ yọ̀ ní ibùdó ìpàgọ́, yóò sì wúlò fún un nílé. Awakọ̀ yín, bó bá jẹ́ ẹni tí kì í fi kọ́kọ́rọ́ sọ́kọ̀ láìgbàdúrà, abẹ́bẹ̀ ni kí ẹ fún: “Abẹ́bẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ Ọlọ́run nítorí wa kí ọkọ̀ tó gbéra.” Ooru inú bọ́ọ̀sì nìkan tó ohun tí abẹ́bẹ̀ ń ṣe.

Ti arákùnrin ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni n kò rí ọ̀rọ̀ tó ba ìró mu fún, mi ò sì ní fi tipátipá wá a. Téèpù dúdú tí àwọn oníná ń lò ni kí ẹ rà fún un, odindi páálí kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: “Ohun tó so gbogbo ìsìn wa pọ̀ láti January títí di December nìyí, ẹni tó sì lẹ̀ ẹ́ nìyí.” Kì í ṣe gbogbo àrokò ló gbọ́dọ̀ ní ìró méjì, èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí nǹkan náà ti inú iṣẹ́ ẹni tó gbà á wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn àgbà ṣe é. Ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì mú ẹnì kan. Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n ni pé, “Kí ni ẹni yìí máa ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó?” Ó máa yà yín lẹ́nu bí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti rí ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ tó mú bàbá ẹnu ọ̀nà lè pa àlọ́ tuntun fún un, kí wọ́n ní, “Àlọ́ o!” kí ìjọ ní, “Àlọ̀!” kí wọ́n wá béèrè pé: “Kí ló ń jí ṣáájú àkùkọ, tó ń sùn lẹ́yìn òwìwí, tó sì gbé ẹnu ọ̀nà sápò?” Ogún ìṣẹ́jú ti tó fún gbogbo rẹ̀. Kí àlùfáà gbàdúrà, kí ó sì tó.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Mo ti dé ibi àjọ̀dún ìdúpẹ́ tí ìyá tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà nídìí iná, tó ń ro àmàlà tí a fi ń yẹ́ ẹ sí, tí awakọ̀ tí à ń bọlá fún sì ti lọ gbé àwọn àlejò. Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí àwọn ọmọ ni kí ó dáná, kí wọ́n wakọ̀, kí wọ́n to àga, kí wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó síwájú, kí ọwọ́ wọn dilẹ̀, kí wọ́n kàn máa jẹun.

ÌBÉÈRÈ: Àgbà kan nínú ìjọ wa kò fẹ́ ká ṣe ayẹyẹ ìdúpẹ́ fún àwọn tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ó ní Jésù sọ pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe, àti pé bí a bá yin àwọn òṣìṣẹ́ níhìn-ín, wọ́n ti gba èrè wọn tán nìyẹn. Ó tún ní eré àti ẹ̀rín kò yẹ ilé Ọlọ́run. Báwo la ṣe lè dá a lóhùn láìrí i fín? — Olórí ọ̀dọ́, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ gbà fún bàbá pé ohun tó ń bà á lẹ́rù wà lóòótọ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó jẹ́ pé bí a kò bá dárúkọ rẹ̀ lórí pẹpẹ, kò ní wá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣoore ni Jésù ń bá wí nínú Mátíù orí 6, pé kí ó má fun fèrè níwájú ara rẹ̀. Kò sọ fún ẹni tí a ṣe lóore pé kí ó pa ẹnu mọ́. Nínú Lúùkù orí 17, nígbà tí ó wo adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn tí ẹnì kan ṣoṣo padà wá dúpẹ́, ohun tí ó béèrè ni ibi tí àwọn mẹ́sàn-án yòókù wà. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ bá bàbá ṣí ìwé Róòmù orí 16. Pọ́ọ̀lù dárúkọ ènìyàn tó lé ní ogún níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì sọ ohun tí wọ́n ṣe mọ́ orúkọ wọn: Màríà tó ṣe làálàá púpọ̀, Pírísílà àti Àkúílà tí wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wéwu nítorí rẹ̀, ìyá Rúfù tí ó ní òun náà fi ṣe ìyá. Lẹ́tà tí wọ́n máa kà sétí gbogbo ìjọ ló kọ ọ́ sí. Ní ti eré, ẹ wo ìwé Fílémónì ẹsẹ 11. Ónẹ́símù, orúkọ ẹrú tí Pọ́ọ̀lù ń bẹ̀bẹ̀ fún, “ẹni tó wúlò” ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì, Pọ́ọ̀lù sì fi orúkọ náà ṣeré, ó ní ẹni tí kò wúlò fún ọ tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó wúlò fún èmi àti ìwọ. Nínú ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí wàhálà ńlá wà lọ́rùn rẹ̀ ni àpọ́sítélì náà ti fi ọ̀rọ̀ ṣeré, kò sì dín ọ̀wọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà kù.

Ẹ má lọ fi àwọn ẹsẹ Bíbélì yìí jà níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ lọ bá bàbá nílé, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní Bíbélì nígbà tó wà ní ọmọdé. Yóò dárúkọ ẹni náà fún yín, yóò sì sọ ohun tí ẹni náà máa ń ṣe. Nígbà tí ó bá ń sọ ọ́ ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá gbàdúrà fún àwọn tíṣà òde òní lọ́jọ́ ìdúpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: A ṣe àṣìṣe ńlá lọ́dún tó kọjá. A ní kí a fi àwàdà yẹ́ àwọn tíṣà wa sí, a wá fún arábìnrin kan ní aago ògiri nítorí pé ó máa ń pẹ́ dé. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò wá mọ́. Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé ìyá rẹ̀ tó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló máa ń wẹ̀, tó máa ń fún lóúnjẹ, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kó tó jáde nílé. Ojú ń tì wá. Kí ni ká ṣe? — Ẹni tó kábàámọ̀, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹyin lọ̀rọ̀; bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Síbẹ̀, a lè lọ bá ẹni tó ta sí lára. Ẹ má fi ìpè orí fóònù ṣe é, ẹ má sì gbé ẹ̀bùn dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀bùn lọ́jọ́ yẹn máa dà bí ẹni tó fẹ́ ra ẹnu rẹ̀ pa. Kí ẹni tó gbèrò aago náà àti ẹni tó fà á lé e lọ́wọ́ lọ sílé rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́, láìfi “àwàdà lásán ni” kún un: “A fi ìpẹ́dé yín dá ìjọ lẹ́rìn-ín láìbéèrè ìdí rẹ̀, a sì ṣẹ̀ yín.” Kí wọ́n kí ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn. Bó bá ṣe níwájú gbogbo ìjọ ni a ti rẹ́rìn-ín, ó tọ́ kí a tọrọ àforíjì níwájú ìjọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó lè má fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa àìsàn ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá lè rí ẹni méjì tí yóò máa lọ ran ìyá náà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ti ṣe ohun tó ju gbogbo àwo ìgbóríyìn lọ, kódà bí kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń gbèrò irú nǹkan báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ni kí a fi ṣeré, kì í ṣe ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀, àìní rẹ̀ tàbí ohun tó ń kù díẹ̀ fún un. Mo ti gbọ́ pé wọ́n fún arábìnrin tí kò tíì lọ́kọ ní ìwé ìkésíni ìgbéyàwó tí wọn kò kọ orúkọ ọkọ sí, wọ́n sì pè é ní àdúrà. Ìwà ìkà ni, kódà bí ẹni tó ṣe é kò bá mọ̀. Ẹ má sì gba ẹ̀rín ẹni náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ó gbádùn rẹ̀. Kí ni ènìyàn tún lè ṣe níwájú ẹgbẹ̀ta ènìyàn bí kò bá rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rí tó dájú ni pé kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ojú ẹni yẹn bá yí padà díẹ̀ báyìí, ẹ fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akápò ìjọ wa. Pẹ̀lú bí nǹkan ṣe le koko yìí, ṣé kì í ṣe owó ló yẹ ká fún àwọn ènìyàn yìí, dípò eré ọsàn àti ẹ̀wà? — Akápò, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bùn. Láti oṣù May ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo tí kò tó 200 náírà sì fò kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, tíṣà tó ń wọ ọkọ̀ méjì wá sí ìjọ ti ń ná owó tí kò ná tẹ́lẹ̀. Owó ọkọ̀ yẹn, owó dátà tó fi ń pe àwọn ọmọ, owó bisikíìtì àti ìwé tó ń rà fún wọn, gbèsè ìjọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó, ẹ máa san án lóṣooṣù láìdúró de ọjọ́ ayẹyẹ, kí ẹ má sì pàtẹ́wọ́ fún ara yín nígbà tí ẹ bá san án. Ẹni tí ìjọ jẹ ní gbèsè kò lè fi gbogbo ọkàn rẹ́rìn-ín sí ọsàn.

Nígbà tí Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀ ní ìlú Gloucester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1780, ó ń san ṣílè kan fún àwọn obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá ni iṣẹ́ náà di ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí owó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, bí ìjọ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àpòòwé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú bí kò ṣe owó, bí ẹni san owó iṣẹ́ fún alágbàṣe ló rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì dá a padà sínú àpótí ọrẹ kí wọ́n tó délé. Ẹ san gbèsè, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ọsàn àti ẹ̀wà dúpẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìjọ wa wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ń bá wa tọ́ àwọn ọ̀dọ́, nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ òru sì ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ọjọ́ tí gbogbo wọn lè pé jọ. Àwọn ọmọ wa náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá tí wọn yóò fi mọ àrokò. — Ìyá ìjọ, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má pè wọ́n jọ. Ẹni tó ti iṣẹ́ òru bọ̀ kò nílò ìpàdé mìíràn. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n tó gba ènìyàn láyè láti máa bá ọmọdé ṣiṣẹ́, wọ́n ní láti yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ DBS, àjọ ìjọba tó ń wádìí bóyá ènìyàn ti dá ọ̀ràn rí, nítorí náà àwọn ènìyàn yín ti ṣe wàhálà ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà ọmọ.

Àwọn ọmọ yín lè má gbọ́ àrokò, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ “Ẹ kú.” Kò sí ọmọ Yorùbá, bó ti wù kó jìnnà sílé tó, tí kò tíì gbọ́ “Ẹ kú iṣẹ́” lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ronú “Ẹ kú” tirẹ̀ fún tíṣà rẹ̀, kí ó bi ìyá rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ nílé léèrè bí wọ́n ṣe ń pè é: Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìdúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ kú ìfaradà ariwo wa. Ẹ kú ìpè tí a kò gbé. Kí wọ́n fi ohùn ara wọn gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, bí ohùn náà bá tilẹ̀ wọ́, ẹ má tún un ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí WhatsApp tíṣà náà ní àsìkò tó ń múra iṣẹ́ lálẹ́. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ “Ẹ kú àìsùn” lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi ìrẹsì àti dòdò sínú kúlà ránṣẹ́ tẹ̀lé e fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tààrà láti ìjọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà mi ní kíláàsì ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n mi ò lówó rárá, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé mo ń wá ojú rere. — Ọmọbìnrin kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ní ohun tí owó kò lè rà. Kọ oríkì fún tíṣà rẹ. Kì í ṣe oríkì ìdílé rẹ̀, ìyẹn ti wà lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀. Oríkì iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín yín ni mo ń wí. Kọ ohun márùn-ún tí o ti fojú ara rẹ rí sílẹ̀, kí o tò wọ́n ní ìlà-ìlà, kí o sì kà á sókè nínú yàrá rẹ títí yóò fi rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí mo ṣe lè kọ ọ́ bó bá jẹ́ èmi nìyí, kí o kàn lè rí ọ̀nà, má dà á kọ:

Tíṣà wa, a-gbọ́-ìbéèrè-má-bínú,
Ẹni tó mọ orúkọ wa, tó mọ orúkọ àbúrò wa,
Tó mọ ọjọ́ tí inú wa kò dùn kí a tó sọ ọ́.
Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, a ní kò ní wá;
Bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, Bíbélì rẹ̀ nínú ọ̀rá,
Tíṣà wa ló kọ́kọ́ dé.

Ṣé o rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀? Òjò náà àti ọ̀rá náà ni yóò mú un rẹ́rìn-ín. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, kò pọn dandan kí wọ́n wà níbẹ̀. Dúró títí kíláàsì yóò fi tán, bá a kó àga jọ bí ó ti máa ń ṣe, kúnlẹ̀, kí o sì kà á fún un. Má tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sórí ìwé tó lè ká sí méjì, kí ó lè rí i fi sínú Bíbélì rẹ̀.